Níbi Tí Orin ti Pààrọ̀ Kíì

Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kìn-ín-ní

Ọmọ mi,

Mo kí ọ. Iṣẹ́ ńkọ́? Otútù ibẹ̀ yẹn ńkọ́? Àwa wà níbí. Ara ò le tán, ṣùgbọ́n a ń jí.

Má bínú pé mi ò gbé fóònù nígbà tí o pè lọ́jọ́ Jímọ̀. Dókítà ní kí n pa ẹnu mọ́. Kì í ṣe ẹ̀bẹ̀, àṣẹ ni. Ó ní gbogbo gbólóhùn tí mo bá sọ báyìí, bí ìgbà tí mò ń fi iyanrìn ra ojú ọgbẹ́ ni. Mo ti ra sílétì, òun ni mo fi ń bá àbúrò mi, Àǹtí rẹ, sọ̀rọ̀ nínú ilé. A jà lánàá. Mo kọ ọ́ gàdàgbà gadagba kó lè yé e, ló bá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má pariwo mọ́ mi o!"

Ọ̀rọ̀ tó wà ńlẹ̀ nìyí. Wọ́n máa ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi lógúnjọ́ oṣù karùn-ún. Ibi tí ohùn ti ń jáde gan-an ni wọ́n fẹ́ yọ. Wọ́n ní màá yè é, ohùn ni kò ní bá mi padà wálé. Mo ti gbà. Ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni mo ti wà láyé, mo ti sọ̀rọ̀ tó.

Nǹkan kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kó tó lọ. Orin olóògbé ìyá rẹ, ti arìnrìn-àjò tí òjò ká mọ́ ilé obìnrin kan. Mo fẹ́ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré sí i. Ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì mi ò gbọ́ràn sí dùùrù lẹ́nu mọ́ láti ọdún tó kọjá, o mọ̀. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní dùùrù, mi ò sì kọ́ tèmi. Bá mi kọ́ ọ. Tẹ̀ ẹ́, gbà á sílẹ̀ sórí fóònù, fi ránṣẹ́ sí Àǹtí rẹ, èmi á kọrin lé e. Ìwọ̀nba ohùn tó kù, mò ń tọ́jú rẹ̀ dè ọ́.

Tó bá pọ̀jù fún ọ, sọ ọ́.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kejì, oṣù kejì

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ìrora. Mo kí Àǹtí náà. Ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n wá àkísà, kí wọ́n máa nu ariwo yín kúrò lójú sílétì.

Ibi iṣẹ́ ni mo ti ka lẹ́tà yín, nídìí tábìlì tí a fi ń ká aṣọ. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo fọ ojú mi, mo padà sẹ́nu iṣẹ́. Aṣọ ibùsùn ilé ìwòsàn mẹ́ta ni à ń fọ̀ níbí, èmi ni mo sì ń pín iṣẹ́ fún èèyàn mẹ́rìnlá. Ẹ̀rọ ò mọ̀ pé bàbá ẹnìkan ń ṣàìsàn.

Màá kọ́ ọ. Kò pọ̀jù. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká ṣe é bí iṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ márùndínlógún ló kù. Ẹsẹ mẹ́ta ni orin náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta fún ẹsẹ kọ̀ọ̀kan, ìyókù fún àtúnṣe àti ìdádúró, nítorí ìdádúró ò ní ṣàìwà. Mo ti ra dùùrù oníná kékeré kan lọ́wọ́ ẹni tó ń kó kúrò nílé. Kò ní ẹsẹ̀, orí pátákó tí mo fi ń lọ aṣọ ni mo gbé e lé. Tí mo bá tẹ̀ ẹ́ le, pátákó á máa mì bí ẹni tí ibà dá dúbúlẹ̀. Mo ki wáyà sétí, nítorí ẹni tó ń gbé yàrá kejì kì í fẹ́ gbọ́ pìn-ín.

Ohun tí mò ń dúró dè báyìí ni ìwé orin. Àǹtí yà á ní fọ́tò fún mi, mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n àtàǹpàkò wọn ló gba ìdajì rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sórí bébà kí ẹ fi ránṣẹ́. Ọjọ́ mẹ́wàá ni lẹ́tà ń lò lọ́nà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó tún sun ọ̀sẹ̀ kan lórí tábìlì yín. Mo mọ̀ yín.

Ọmọ yín


Ọjọ́ ogún, oṣù kejì

Ìyá Àkókò,

Mo kí ọ o. Lẹ́tà rẹ dé, mo rí i pé o ti gbé èmi náà sójú ìwé iṣẹ́. Ó dáa. Fi mí sí ìdí àwọn tó máa ń pẹ́.

Mo mọ̀ pé ọjọ́ ti lọ. Mo máa ń jókòó láti kọ nǹkan, oorun á sì gbé mi lọ pẹ̀lú bírò lọ́wọ́. Aṣọ mi mẹ́ta ló ti ní àbàwọ́n yíǹkì. Àǹtí rẹ ní tí mo bá fẹ́ di ìwé, kí n sọ kí òun lè kó mi sínú àpótí.

Ìwé dò-rè-mí wà nínú àpòòwé yìí, ojú ewé mẹ́ta. Ẹsẹ kìn-ín-ní àti èkejì, orí àwọn ìtẹ̀ funfun dùùrù nìkan ni gbogbo rẹ̀ wà, o ò ní bá dúdú kankan pàdé. Tí èkejì bá parí, orin á pààrọ̀ kíì, ohùn ìpìlẹ̀ rẹ̀ á yí padà, á bọ́ síbi tí dúdú mẹ́rin wà. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Má sáré níbẹ̀. Èyí tí o bá fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọ́ nínú ìyókù, fi mẹ́fà kọ́ ìyẹn.

Ṣé o ń jẹun? O ò sọ nǹkan kan nípa oúnjẹ.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹrin

Bàbá mi,

Mo kí yín. Ọ̀fun ńkọ́? Mò ń jẹun.

Ẹ má wo bí ìwé mi ṣe rí wágunwàgun, ọrùn ọwọ́ ló ń dùn mí. Ẹ̀rọ tó ń lọ aṣọ méjì ló kọṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, èèyàn méjì sì fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ́sẹ̀ kan náà. Èmi alára ni mò ń ká aṣọ ibùsùn báyìí. Èmi tí mo lọ kàwé ìṣòwò dé góńgó! Aago márùn-ún ìdájí ni mò ń jí tẹ dùùrù kí n tó jáde, nígbà tí mo bá fi máa dé, ara mi ti di àkísà.

Iṣẹ́ tí ẹ rán mi ti parí, bẹ́ẹ̀ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló ṣì kù. Mo ti fi ránṣẹ́ sórí fóònù Àǹtí láàárọ̀ yìí.

Màá ṣàlàyé bí mo ṣe ṣe é. Ẹsẹ kìn-ín-ní àti èkejì ò yọ mí lẹ́nu. Ìpààrọ̀ kíì yẹn ló ń pa mí. Gbogbo ìgbà tí mo bá débẹ̀, ọwọ́ mi méjèèjì á fò sókè, wọ́n á balẹ̀ síbi tí kò yẹ. Mo jókòó, mo wò ó bí mo ṣe máa ń wo iṣẹ́ tí kò lọ dáadáa: níbo ni ó ti ń há? Ibì kan ṣoṣo ni. Ṣé orin lè dúró láìsí ibẹ̀? Ó lè dúró. Mo yọ ọ́. Mo tẹ ẹsẹ kẹta ní kíì tí mo fi bẹ̀rẹ̀, ó sì ń lọ geerege.

Ẹ má sì sọ pé mo ba orin jẹ́. Mo gbọ́ orin yìí lẹ́nu Màmá tí wọ́n bá ń ká aṣọ nínú yàrá. Ẹsẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ohùn kan náà ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Ìpààrọ̀ kíì yẹn, ẹ̀yin olùkọ́ orin lẹ fi kún un láti fi ṣe fáàrí.

Ẹ kọ orin yín, kí Àǹtí gbà á sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ kíá.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kẹrin

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.

Ọjọ́ mọ́kànlá ti kọjá tí mo fi orin ránṣẹ́. Lẹ́tà ò sí, ohùn ò sí. Mo pe Àǹtí lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lẹ́ẹ̀kẹta ni wọ́n tó sọ òótọ́ fún mi: "Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n dá fóònù padà fún mi, wọ́n kọjú sí ògiri. Mo bi wọ́n pé kí ló dé, wọ́n ní, àní wọ́n kọ ọ́ sí sílétì pé, ó kù."

Kí ló kù? Ẹ wo bí mo ṣe wà, Bàbá. Mi ò rí oorun sùn. Pátákó ìlọṣọ ni mo fi ṣe ẹsẹ̀ dùùrù, aṣọ iṣẹ́ mi ò rí ojú irin mọ́ láti oṣù kejì. Mo ṣe ohun tí ẹ ní kí n ṣe, mo ṣe é ṣáájú àkókò. Èèyàn á sì kàn kọjú sí ògiri! Tí ẹ bá ń retí ọmọ tó mọ dùùrù tẹ̀ bí àwọn ọmọ ọlọ́mọ tí ẹ kọ́, àwọn ni kí ẹ ránṣẹ́ sí.

Mo ti sọ ọ́, kò dùn mí mọ́. Ẹ fún mi lésì.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kẹrin

Ọmọ mi,

Mo kí ọ.

Nígbà tí mo gbọ́ orin rẹ lórí fóònù, mo rò pé o ṣì ń kọ́ ọ ni, pé ìyókù ń bọ̀. Mo ń retí rẹ̀. Lánàá ni lẹ́tà rẹ wá dé, mo rí i pé o ti parí.

O ṣiṣẹ́. Ẹsẹ méjì àkọ́kọ́ mọ́ tónítóní. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ ohun tí ó yẹ kí n ti sọ láti oṣù kìn-ín-ní. Orin ẹni méjì lorin yẹn. Obìnrin inú ilé ló ni ẹsẹ kìn-ín-ní àti èkejì, òun ló ń sọ fún arìnrìn-àjò náà pé kó jókòó díẹ̀ sí i, òjò ò tíì dá. Ẹsẹ kẹta, ọkùnrin ló ń dáhùn. Èmi ni mo máa ń dáhùn. Ohùn ìyá rẹ wà lókè, tèmi wà nísàlẹ̀, bí mo bá kọ ọ́ ní kíì tirẹ̀, ńṣe ni màá máa ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ òòrùn. Ìdí tí kíì fi pààrọ̀ nìyẹn. Kì í ṣe fáàrí, ibẹ̀ ni mò ń gbà wọlé.

Ilé ìwé tí ẹ ń sùn sí lo wà ní gbogbo ìgbà tí a fi ń kọ ọ́ pọ̀. Èyí tí o gbọ́ nídìí aṣọ, ìyá rẹ nìkan ni, ó ń bá ara rẹ̀ gbé e ní ìhà méjèèjì nítorí èmi ò sí nílé. Nítorí náà ibi tí o yọ yẹn, èmi lo yọ.

Mo gbìyànjú láti kọrin lé e bẹ́ẹ̀. Ìlà kejì ni mo bá a dé, ọ̀fun mi wá bẹ̀rẹ̀ sí í ta, mo dákẹ́. Mi ò lè gbìyànjú púpọ̀ mọ́. Ohùn tó kù, mo lè fi kọ ẹsẹ kan. Kò lè ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ẹsẹ méjì àkọ́kọ́ ńkọ́? Mo rò pé o mọ̀ pé ìwọ lo máa kọ wọ́n. Ta ni ì bá tún kọ ọ́?

Gbọ́ bí a ṣe ń ṣe é. Dò tí ìyá rẹ fi parí ẹsẹ kejì, bí kíì bá ti pààrọ̀, òun gan-an ló di 'mí' inú dò-rè-mí tí èmi fi bẹ̀rẹ̀. Ohùn kan náà ni, ìka kan náà. Má gbé ìka yẹn kúrò. Ìyókù ni kó ṣí nídìí rẹ̀. O ń fò nítorí o rò pé ibòmíràn lò ń lọ.

Ó rẹ̀ mí. Odindi ọjọ́ kan ni mo fi kọ lẹ́tà yìí, màá wá fi ọjọ́ méjì sinmi rẹ̀.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹrin

Bàbá mi,

Ẹ kú ìrora. Lẹ́tà yín dé lánàá. Ó ti pàdé tèmi lọ́nà, ẹ ti ka tèmi nìyẹn. Ẹ dákun, ẹ fa á ya.

Ẹ má bínú sí mi. Àmọ́ kí n sọ tèmi náà: oṣù mẹ́ta, lẹ́tà méjì, ẹ bi mí nípa oúnjẹ, ẹ ò fi gbólóhùn kan sọ pé orin ẹni méjì ni, pé èmi ló máa kọ ti Màmá! Bí ọ̀kan nínú àwọn èèyàn mi bá gbé iṣẹ́ fún ẹlòmíràn bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ á délé ọ̀gá. Èmi kì í kọrin, Bàbá. Ẹ mọ̀. Tí mo bá ya ẹnu nílé ìjọsìn, àwọn tó wà níwájú á wẹ̀yìn wò.

Mo ti bẹ̀rẹ̀. Dùùrù àtijọ́ kan wà nínú yàrá ìjẹun àwọn òṣìṣẹ́, tí a ń to ife lé. Mo kó ife kúrò. Àkókò oúnjẹ ọ̀sán ni mò ń lò. Mẹkáníìkì tó ń tún ẹ̀rọ wa ṣe ti tẹ dùùrù ní hòtẹ́ẹ̀lì rí, ó dúró lẹ́yìn mi pẹ̀lú súpánà lọ́wọ́.

Ó ní, "Ọ̀gá, ta ló ń lé yín?"

Mo ní, "Ogúnjọ́ oṣù karùn-ún."

Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó máa bọ̀ ná. Ẹ dúró lórí ìka yẹn. Ẹ dúró. Mi ò ní kí ẹ lọ, àbí mo ní kí ẹ lọ?"

Ó dùn mí, àmọ́ òótọ́ ló ń sọ. Ìka náà ti ń gbọ́, ọwọ́ òsì ni kò tíì mọlé. Ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kẹfà, oṣù karùn-ún

Bàbá mi,

Nígbà tí lẹ́tà yìí bá fi máa dé, wọ́n á ti ṣe é tán. Mo mọ̀, mo ṣì ń kọ ọ́ náà.

Àǹtí pè mí láàárọ̀, wọ́n ní dókítà ti fa ọjọ́ sún mọ́ ọ̀tunla, pé nǹkan náà ń yára ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Èmi tí mò ń to ọjọ́ fún èèyàn mẹ́rìnlá, ẹnìkan to tèmi láì bi mí. Mo sọ fún àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ pé kí wọ́n pa á, ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo ti dé ibí. Gbogbo ilé dákẹ́. Mo wọ yàrá ìjẹun, mẹkáníìkì di fóònù mú, mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan.

Mo ti fi ránṣẹ́. Ẹ ti gbọ́ ọ nìyẹn, ẹ sì ti gbọ́ ibi tó ti bàjẹ́. Mo kọ ẹsẹ méjèèjì. Ohùn mi ń gbọ̀n, ó sì ń han bí ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n mo kọ ọ́. Mo dé orí dò, mo dúró lé e bí ẹ ṣe ní, ọwọ́ òsì mi ò wá rí ilé. Ó ń wá a. Ìka kan ṣoṣo yẹn ń dún lọ, tí mo bá rí i pé ó fẹ́ kú, màá tún un tẹ̀. Ìgbà tó pẹ́ kí n tó wọlé, ó tó kí èèyàn fi wọ bàtà.

Mi ò rí àyè tẹ òmíràn. Bí ó bá dààmú yín, ẹ má kọrin lé e. Ẹ má fi ohùn ìkẹyìn ṣòfò lórí àṣìṣe mi.

Ẹ má kú o.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù karùn-ún

Ọmọ mi,

Mo kí ọ. Mi ò kú.

Wọ́n ti yọ ọ́. Ihò kan wà lọ́rùn mi tí mo fi ń mí, tí mo bá wúkọ́, Àǹtí rẹ á sá. Kò dùn mí tó bí mo ṣe rò. Ó kàn rẹ̀ mí ni, irú àárẹ̀ tí oorun ò mú lọ.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ keje, kí wọ́n tó gbé mi wọlé lọ́jọ́ kejì, Àǹtí rẹ yá fóònù nọ́ọ̀sì, ó fi gba ohùn sílẹ̀, ó fi tiẹ̀ gbé orin rẹ sí i. Mo gbọ́ ọ bí o ṣe kọ ẹsẹ méjèèjì. O ò jọ ìyá rẹ rárá. O kọ ọ́ bí ẹni tó fẹ́ kí arìnrìn-àjò náà jókòó kíá kó má fi àkókò ṣòfò. Mo rẹ́rìn-ín, ó sì dùn mí lọ́fun.

O wá dé ibi ìpààrọ̀ kíì, o dúró. O ní ó bàjẹ́ níbẹ̀. Mo ka ìlù rẹ̀, méje ni mo kà. Kí o mọ ohun tí mo fi méje yẹn ṣe: mo gbé itọ́ mì, èyí tí mi ò lè ṣe kíákíá mọ́; mo sinmi; mo mí kanlẹ̀. Ká ní o wọlé ní ìwọ̀n tó wà nínú ìwé ni, orin ì bá ti fi mí sílẹ̀, mi ò sì ní ohùn tí màá fi bẹ̀rẹ̀ padà. Nígbà tí ọwọ́ òsì rẹ rí ilé, èmi náà ti ṣetán. A jọ wọlé ni.

Mo kọ ọ́ títí ó fi ku ìlà kan. Ìlà tó kẹ́yìn, mo ya ẹnu, afẹ́fẹ́ nìkan ló jáde. Àǹtí rẹ tó di fóònù mú, tó máa ń ní orin yẹn ti gùn jù, òun ló parí rẹ̀. Ó ṣì í. Kò sí nínú kíì tìrẹ, kò sí nínú tèmi. Mo ní kó fi ránṣẹ́ sí ọ lọ́jọ́ tí lẹ́tà yìí bá dé ọwọ́ rẹ, kí o má baà gbọ́ ọ láì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, gbogbo rẹ̀, ti Àǹtí rẹ pàápàá.

Lọ sùn. Lọ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ mẹkáníìkì. Tó bá di ọjọ́ Àìkú, aago mẹ́rin ọ̀sán, pe fóònù ilé. Wọ́n á gbé e sí etí mi. Má bi mí ní ìbéèrè, ṣá máa sọ̀rọ̀ lọ, ohunkóhun tó bá wá sí ọ lẹ́nu. Màá máa fi ìka kan lu tábìlì lóòrèkóòrè, kí o lè mọ̀ pé mo wà níbẹ̀.

Bàbá rẹ